Ọkọ Yín Wà Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Ẹ̀gbọ́n mi kì í pariwo. Èmi ni mo ń pariwo. Bí ẹ bá ń kọjá ní àdúgbò wa, tí ẹ gbọ́ tí obìnrin kan ń búra nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí pé òun ò ní gbà, pé bó di ọ̀run kó di ọ̀run, òun ò ní gbà, èmi nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyarun tó sọnù lásán ni. Ìyá wa máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ohùn, èmi ni mo gba ti àwa méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí wọ́n fi sùúrù dípò tòun.

Sùúrù yẹn náà ló fi jẹun. Ọkọ̀ béékìrì ló ń wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, á kó búrẹ́dì gbígbóná láàárọ̀, á máa já a láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe òun ló ń ṣe búrẹ́dì o, àmọ́ òun ni ojú ń rí, ni gbogbo èèyàn bá ń pè é ní Anti Oníbúrẹ́dì. Kì í tẹ fèrè ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá já lu ọ̀nà níwájú rẹ̀, á dúró, á wò ó, á máa lọ. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi fèrè sọ tí bíréèkì ò tíì sọ?" Nígbà tí béékìrì kógbá sílé tí wọ́n ta ọkọ̀ náà, ó kan ilé pákó kékeré sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì. Bí orúkọ ṣe wá di òótọ́ nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ la ń pè ní Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì. Akunlé ni, ó sì tún ń kọ pátákó. Ti ṣọ́ọ̀bù mi, ti tẹ́lọ̀ tó wà ní òdìkejì wa, ti ẹni tó ń ta oògùn ní ìkóríta, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọkùnrin yìí, bí ẹ bá fẹ́ bá a jà, ẹ ní kó kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i. Nígbà tó ń kọ tèmi, ọ̀dà ti ń tán lọ, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ fi àmì yẹn sílẹ̀ jàre, ta ló ń wò ó?" Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ìhòòhò ló wà. Ṣé bí o ṣe fẹ́ kí n gbé ọ síta nìyẹn?" Mo dákẹ́. Ẹ ò lè mọ̀ bó ṣe ṣòro tó kí n tó dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń múra iṣẹ́, ni ife tíì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má bínú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ ò jáde. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ dúró. Dókítà wá pe ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní apá àti ẹsẹ̀ yìí ṣì lè padà, àmọ́ àfi kó máa wá sọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá irú wọn na iṣan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó má pa ọ̀kan jẹ. Ó ní bó bá jókòó sílé, wọ́n á le gbagidi, ọ̀rọ̀ á sì kọjá bẹ́ẹ̀.

Lílọ yẹn wá di ìjà. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga. Ẹ̀gbọ́n mi á tì í láti ẹ̀yìn, èmi á fà á láti òkè, kọ̀ndọ́ ọ̀tọ̀, ẹni tó fẹ́ sọ̀ ọ̀tọ̀, kálukú ń kígbe pé, "Bàbá, ẹ ṣe kíá!" Èmi náà ń kígbe padà, mo fẹ́ẹ̀ẹ́ já ẹ̀wù lọ́rùn kọ̀ndọ́ kan. Takisí ò sì ṣeé gbà lọ gbà bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú sílẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èrò bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a délé, ó fi ọwọ́ òsì júwe pé kí a yí àga òun padà. A yí i. Ògiri ló kọjú sí. Láti ọjọ́ náà, bí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá pé, á mi orí, á sì tún máa wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún lójú mi, àmọ́ ó máa ń pẹ́ jù níbi tó ti ń fọ abọ́. Ọkàn mi bàjẹ́ fún un, mo sì ń jagun kiri pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá wá dìrun.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré náà wá. Àwọn òṣìṣẹ́ kan dé sí ìkóríta wa, wọ́n fi ọ̀dà funfun pààlà sílẹ̀, wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ kan síbẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹ gbà mí o! Ọkọ̀ ni àbí bàtà? Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ gé kúrú bí ẹni pé irin tán lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Kì í mu epo. Wáyà kan ló ti ara òpó wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gba iná bí fóònù. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ á fi fóònù ṣí i, á wà á lọ síbi tó ń lọ, á sanwó ìwọ̀nba tó lò, á sì dá a padà sí àyè rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbé e. Gbogbo wa la ni ín, kò sì sí ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí bó bá ń bọ̀ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Kò wo ẹnjìnnì, kò wo táyà. Ilẹ̀kùn ló ṣí. Ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó, ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú itan ara rẹ̀, ó ní, "Á jókòó síbí láìgòkè, láìsọ̀. Ìdí rẹ̀ á kàn wọlé ni." Lọ́jọ́ yẹn náà ló forúkọ sílẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, kò gbọ́ ohùn. Ó tún un tẹ̀, kò gbọ́. Ó ní, "Ó ti kú." Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń tàn án, ló ń pa á, àwa méjèèjì ò mọ̀. Nígbà tó wá sú u, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó ń mú ọkọ̀ sáré láti fi mọ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀, ni ọkọ̀ bá gbéra wẹ́rẹ́. Obìnrin tí kì í pariwo kígbe pé, "Yéè!" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di òpó mú. Lọ́jọ́ kejì, ó wà á dé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó yí àga ọkọ rẹ̀ padà kúrò lára ògiri, ó ní, "Kò sí bọ́ọ̀sì. Kò sí kọ̀ndọ́. Èmi ni mo ń wà á. Ṣé o fẹ́ bá mi jáde?" Bùọ̀dá wò ó títí. Ó na ọwọ́ òsì sí i.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ojú mi báyìí ló ṣe, ìka ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀rọ̀ ì bá dúró síbẹ̀, bí kò bá jẹ́ ti pátákó. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ náà gbé pátákó ńlá kan sí ìdí òpó, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ báyìí:

IBUDO AJOLO OKO
OKO KAN, OPO ENIYAN
LO O, DA A PADA

Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á. Ó yẹ kó jẹ́ ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Àmọ́ ta ló fi dò sí i? Gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ kà á, ọkọ ilé ló kà. Àjọlò ọkọ! Ọkọ kan, ọ̀pọ̀ èèyàn! Lò ó, dá a padà! Àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó ní ìkóríta tiẹ̀ rí ìtumọ̀ kẹta níbẹ̀ tí ẹnu mi ò lè sọ. Ìgbà tí Bùọ̀dá kọ́kọ́ rí pátákó yìí láti inú ọkọ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó na ìka òsì sí i, ó ń jà pẹ̀lú ahọ́n ara rẹ̀, ó ní, "À... àmì. Àmì dà?" Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ já gaara lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí àìsàn ti dé. Kò pe orúkọ òun, kò béèrè omi. Àmì ló ń béèrè!

Ìjàngbọ̀n tó wá tẹ̀ lé e, inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù rẹ̀ sọ́dọ̀ mi kó lè gba iná. Ìyàwó tẹ́lọ̀ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà, mo ń dì í lórí lọ́wọ́. Obìnrin yẹn, ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Fóònù dún. Ó yọjú sí i. Mo rí i tó la ẹnu tí kò pa á dé.

Ó ní, "Onídìrí, ẹ̀gbọ́n rẹ wọ gàù."

Mo ní, "Kí ló ṣe é?"

Ó gbé fóònù sókè, ó kà á fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́: "Ọkọ yín wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ ó rí i gbà ní aago mẹ́rin."

Háà! Orí mi gbóná. Ta ni ìyá ẹni tó ń rán irú iṣẹ́ yìí sí ẹ̀gbọ́n mi? Ó tún ní kó ní sùúrù! Ó tún dá aago fún un! Mo já fóònù gbà, mo mú ìyarun lọ́wọ́, mo bọ́ sí títì, ìyàwó tẹ́lọ̀ tẹ̀ lé mi pẹ̀lú orí àdìídìtán, àwọn tó kù tẹ̀ lé òun. Nígbà tí a fi máa dé ilé ẹ̀gbọ́n mi, a ti di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé, mo ní, "Bùọ̀dá! Ta ni obìnrin náà?"

Bùọ̀dá jókòó lórí àga, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ìrọ̀rí, ẹ̀gbọ́n mi sì kúnlẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Bùọ̀dá wò mí. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tún wò mí.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á. Mo rò pé ó máa ṣubú, mo sì ti múra láti gbá a mú. Ẹ̀rín ló bú sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀! Tíṣà kan ló gbé e jáde, mo ti ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dè mí ní aago mẹ́rin. Ẹ̀yin wèrè wọ̀nyí!"

Ìgbà náà ni Bùọ̀dá la ẹnu. Ó rọra ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èmi yìí... ta ló... fẹ́ gbé mi?"

Ilé dàrú. Ìyàwó tẹ́lọ̀ di ògiri mú. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn, èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé pé mo ń bínú.

Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń lo Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tijú. Tíṣà yẹn wà á wọ àdúgbò, àwọn ọmọkùnrin ìkóríta pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní, "Ẹ kú àjọlò o, ẹ má gbàgbé láti dá a padà!" Kò tún wá mọ́. Mo ní kí ìyàwó tẹ́lọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ó ní, "Ìyá ọkọ mi wà nílé mi. Kí fóònù dún lójú wọn, kí wọ́n kà á pé ọmọ àwọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Kí n wá máa ṣàlàyé? Mo ti ń ṣàlàyé ọbẹ̀, kò tíì tán." Tẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìyàwó òun ò ní lọ síbi tí wọ́n kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó ń bínú, kò sì sí ẹni tó ń gbé ọkọ̀ àfi ẹ̀gbọ́n mi.

Ni ọmọbìnrin kan tó wá láti ilé-iṣẹ́ wọn bá dé, káàdì ilé-iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bá wa ní ilé pákó búrẹ́dì. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lo ọkọ̀ yìí. Ọ̀gá mi ní bó bá fi máa di ìparí oṣù tí àwọn ẹlòmíràn ò forúkọ sílẹ̀, àwọn á gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó dúró. Ó ní, "Ọkọ mi ti ń gbé ẹsẹ̀ méjì-mẹ́ta láàárín irin tí wọ́n ń dì mú níbẹ̀. Obìnrin tó ń bá a na iṣan ní kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró báyìí rárá. Bẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ yìí lọ, ó máa tún kọjú sí ògiri. Mo mọ̀ ọ́n."

Èmi ti dìde. Mo ní ta ló ní kí wọ́n kọ ìkọkúkọ sí pátákó? Mo ní ṣé owó àmì ló wọ́n wọn? Mo sọ púpọ̀, n ò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ọmọ náà wo pátákó láti ibi tó dúró sí, ó kà á lábẹ́lẹ̀, ó bo ẹnu. Ó ní, "Mà, ó ti mọ́ mi lójú jù, ọkọ̀ nìkan ni mo máa ń rí níbẹ̀." Ó pe ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn á ṣe pátákó mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, iṣẹ́ orí fóònù tí òun náà ò lámì sì di ẹ̀yìn ìyẹn. Ọdún tó ń bọ̀! Oṣù tó kù díẹ̀ kó parí!

Kò sí ẹni tó rántí pé ojú fèrèsé ṣí. A kàn gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ nílẹ̀ nínú ilé ni, kù-kù-kù. Bùọ̀dá ló ń fi ọ̀pá wá sẹ́nu ọ̀nà. Láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó dì í mú. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Búrọ́ọ̀ṣì mi... ẹ gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èwo nínú wọn?"

Ó ní, "Kékeré."

Ọmọ ilé-iṣẹ́ ní òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pátákó àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, bó ṣe máa ń wo ẹni tó já lu ọ̀nà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà wo Bùọ̀dá tó ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú káàdì ọrùn rẹ̀, ó kì í bọ báàgì, ó ní, "Mo ń bọ̀, mo fẹ́ ra omi ní ìsàlẹ̀ yẹn. N ò rí nǹkan kan o."

Ẹ̀gbọ́n mi fi Jẹ́jẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ dé ìdí pátákó. Ìrìn yẹn kò ju kí ènìyàn yọ bàtà lọ, àmọ́ ó ní kó tọ́jú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ de ọwọ́. Mo gbé ọ̀dà dúdú dání, mo sì ń pariwo pé kí wọ́n yàgò lọ́nà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó dí ọ̀nà. Ariwo mi ló pè wọ́n wá. Ìyàwó tẹ́lọ̀ jáde, tẹ́lọ̀ jáde pẹ̀lú tépù lọ́rùn, ẹni tó ń ta oògùn jáde, àwọn ọmọkùnrin ìkóríta dìde dúró.

Bùọ̀dá fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú. Ẹ̀gbọ́n mi fi búrọ́ọ̀ṣì sáàárín ìka ọ̀tún, ó pa àwọn ìka náà dé lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ó yan OKO tó tóbi jù, ti ìlà àkọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kan ìsàlẹ̀ O àkọ́kọ́. Ọ̀dà ṣàn díẹ̀, àmọ́ àmì wà níbẹ̀. Ó kan ìsàlẹ̀ ìkejì, ìyẹn dára ju ti ìṣáájú lọ. Ó wá ku tòkè.

Kíkàn rọrùn, fífà ló ṣòro. Ọwọ́ náà gòkè díẹ̀, ó já sílẹ̀. Ó tún gòkè, ó tún já. Ẹnì kan láàárín àwọn ọmọkùnrin ìkóríta fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnì kejì rẹ̀ fi igbọ̀nwọ́ gún un. Mo fẹ́ kígbe pé, "Anti, ẹ bá a gbé e!" Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn, ó na ọwọ́ kan sí mi pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́. Ìgbà kejì láyé mi nìyẹn.

Bùọ̀dá mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún láti èjìká wá, gbogbo ara rẹ̀ ló fi gbé e, orí búrọ́ọ̀ṣì dé òkè O ìkẹyìn, ó sì fà á wá sílẹ̀, láti òsì bọ̀ sí ọ̀tún. Kò gún régé. Ó rí bí ọ̀nà tí kòkòrò gbà kọjá. Àmọ́ ibi tó bẹ̀rẹ̀ ga, ibi tó parí sí wà nílẹ̀, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Ó ní, "Dò."

Ó wá kà á, ketekete, bó ṣe máa ń kà á fún oníbàárà kó tó gba owó rẹ̀: "Ọ-kọ̀."

Gbogbo wọn kà á tẹ̀ lé e. Mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àgbà àti ọmọdé dúró ní ìkóríta, wọ́n ń ké "Ọkọ̀! Ọkọ̀!" bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìpẹ̀kun aṣọ rẹ̀ nu ọ̀dà kúrò ní ìka rẹ̀, ó di ìka náà mú, kò sì fi í sílẹ̀. Èmi sunkún. N ò fi pamọ́, ẹni tó bá wù ú kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ ilé-iṣẹ́ padà dé láìní omi kankan lọ́wọ́. Ìyàwó tẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, forúkọ mi sílẹ̀ kíákíá kí n tó yí ọkàn padà. Bí ìyá ọkọ mi bá kà á tí wọ́n bínú, mo máa fà wọ́n wá síbí, kí wọ́n wá wo àmì." Tẹ́lọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò dá a lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń ta oògùn, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí mi ò rò pé wọ́n ní ìwé ìwakọ̀. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Wọn ò mọ ohun tí ìlọ yẹn ti ṣe lára rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n rí ọwọ́ yẹn tó gòkè. Ojú ló ń rójú ṣàánú.

Wọn ò gbé Jẹ́jẹ́ lọ. Òde òní, ìjà la ń jà lé e lórí. Èmi àti ìyàwó tẹ́lọ̀ kì í pe ara wa lórúkọ mọ́, orogún là ń pe ara wa. Á yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, á ní, "Orogún mi, ọkọ̀ dà?" Èmi á ní, "Ó wà lọ́wọ́ ìyálé wa," ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Tíṣà náà ti padà wá. Ilé-iṣẹ́ wọn rí àmì orí pátákó, wọ́n ní kí Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì wá bá àwọn fi sí ti àwọn ìkóríta tó kù nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ó ní kí wọ́n lọ dúró dè é, òun ń bọ̀.

Ti orí fóònù ni wọn ò tíì tún ṣe. Ó ṣì ń wọlé ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀. Èmi ti múra láti lọ bá wọn jà ní ọ́fíìsì wọn, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi í sílẹ̀, mi ò mọ ìdí rẹ̀ àfi ní ọjọ́ kan báyìí.

Àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó gbé ọkọ̀ jáde ti dá a padà sí ìkóríta, ẹ̀gbọ́n mi sì ti lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó yẹ kó wà á lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ gbé ọkọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Kò wà á lọ. Mo wo ibi tó ń wò. Bùọ̀dá ti jáde nílé fúnra rẹ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo lọ́wọ́, ó ń bọ̀ lẹ́bàá títì. Ó kọjá ilé tẹ́lọ̀. Ó kọjá iwájú mi, kò tiẹ̀ kí mi, gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo di ìgbálẹ̀ mú. Ó rìn títí ó fi gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí Jẹ́jẹ́, ó sì dúró.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún. Ó wò ó, ó sì yí i sí mi kí n lè kà á: OKO YIN TI DE.

Mo ní, "Ṣé ẹ rí àwọn aláìlámì yìí, wọ́n tún ti..."

Ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ re." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. "Ọkọ mi ti dé."